Andrew Foster

Andrew Jackson Foster (ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1925 – ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 1987) jẹ́ olùkọ́ àti míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití. Láti ọdún 1957 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fi ń dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Iye àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a kà sí i lọ́rùn jẹ́ 31, ní orílẹ̀-èdè 13. Ìlú Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ jùlọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é ní baba ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Áfíríkà.

Foster gbé ayé ní àkókò tí àríyànjiyàn ńlá wà lórí bí ó ṣe yẹ kí adití máa gbé láàrin àwọn tí ń gbọ́ràn. Àwọn kan gbà pé àfi kí adití kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ kí ó tó lè bá ẹgbẹ́ pé. Àwọn mìíràn gbà pé èdè àmì, èyí tí à ń fi ọwọ́, ojú àti ara sọ, ni èdè adití, àti pé òun ni ó yẹ kí a fi kọ́ ọ níwèé. Èrò kejì yìí ni Foster tẹ̀ lé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí èdè àmì di èdè ẹ̀kọ́ ní púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ yìí kan náà ni ó sì bí àwọn ìbéèrè kan tí a kò tíì dáhùn tán títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Foster ní Ensley, lẹ́bàá ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Iṣẹ́ wíwa èédú ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní àkókò náà, òfin ìpínlẹ̀ Alabama ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun ní ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ èrò àti ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn tí ènìyàn ti ń pàdé. Foster ń gbọ́ràn dáadáa nígbà tí a bí i, ó sì ń gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún 11.

Ní ọdún 1936 ni àrùn yírùnyírùn, èyí tí ó máa ń kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀ kan. Àwọn méjèèjì kò kú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì di adití.

Ọjọ́ orí tí ó wà nígbà tí àìsàn náà ṣe é ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a sábà máa ń pe adití àti odi pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n adití ni ẹni tí kò gbọ́ràn, odi sì ni ẹni tí kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a bí ní adití a máa di odi nítorí pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí tí yóò fi lè sín in jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀fun àti ahọ́n rẹ̀. Ti Foster yàtọ̀. Ó ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún púpọ̀ kí etí rẹ̀ tó di. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún adití láàrin àwọn tí ń gbọ́ràn, ó yẹ kí ilẹ̀kùn ti ṣí fún un. Ohun tí ó padà dí i lọ́nà ni pé kò gbọ́ràn, pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àti pé ẹ̀kọ́ tí ó wà fún irú rẹ̀ kò jìnnà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn adití àti afọ́jú aláwọ̀ dúdú ní ìlú Talladega ni wọ́n mú un lọ. Ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití tí ó wà fún aláwọ̀ funfun ni ó ti ń fi ìsọ̀rọ̀ ẹnu rọ́pò èdè àmì. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú, níbi tí owó àti olùkọ́ kò tó, èdè àmì ni wọ́n ń lò lọ. Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn lẹ́yìn náà pé báyìí ni àwọn adití aláwọ̀ dúdú ṣe pa ẹ̀yà èdè àmì tiwọn mọ́. Àìnáání ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n ó ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láǹfààní, nítorí pé wọ́n ní èdè kan tí ó yé wọn délẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà fún adití aláwọ̀ dúdú ní Alabama kò ju ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1942, Foster ṣí lọ sí ìlú Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan, láti wá ẹ̀kọ́ tí ó ga ju èyí lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì rí iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò ogun. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń kàwé. Ní ọdún 1950, ó gba ìwé-ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ òwò ní Detroit. Ní ọdún 1951, ó parí ẹ̀kọ́ girama lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Chicago tí ó máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nílé. Nínú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ràn.

Ní Detroit yìí náà ni ó ti di onígbàgbọ́ nínú ìjọ kan. Ọ̀rọ̀ míṣọ́nnárì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Jàmáíkà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì pinnu pé òun yóò fi ayé òun sin àwọn adití tí kò sí ẹni tí ó ń kọ́ wọn.

Ó kọ̀wé sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1864 fún ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ní ọdún 1951 ni wọ́n tó gbà á, wọ́n sì fún un ní owó ìrànlọ́wọ́ tí yóò fi kàwé. Ní ọdún 1954, ó gba oyè ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, a sì kà á sí adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1955, ó gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí Eastern Michigan University. Ní ọdún 1956, ó tún gba oyè mìíràn nínú iṣẹ́ míṣọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí Seattle Pacific University.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ àwọn adití

Kí ohun tí Foster gbé wá sí Áfíríkà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ àríyànjiyàn tí ó bá nílẹ̀. Ní ọdún 1817 ni Thomas Hopkins Gallaudet, tí ó ń gbọ́ràn, àti Laurent Clerc, adití kan tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ adití ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà. Èdè àmì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde níbẹ̀ náà sì di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Milan ní Ítálì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ń gbọ́ràn. Wọ́n fi ìbò pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu dára ju èdè àmì lọ, àti pé kí a yọ èdè àmì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n a máa fìyà jẹ ọmọ tí wọ́n bá bá tí ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó di ọdún 2010, ní Vancouver ní Kánádà, kí ìpàdé àgbáyé irú èyí tí ó ṣe ìpinnu náà tó sọ ní gbangba pé ó dun òun.

Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní ẹnu ni ayé fi ń sọ̀rọ̀, ní ọjà, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ilé. Wọ́n ní adití tí èdè àmì nìkan bá yé kò ní í lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi adití ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, nítorí kò sí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun pe òun.

Àwọn tí ó fara mọ́ èdè àmì dá wọn lóhùn pé ọdún púpọ̀ ni ọmọ tí a bí ní adití ń lò lórí bí yóò ṣe pe ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí kò sì ní í rí àyè kọ́ ìṣirò tàbí ìtàn. Wọ́n ní wíwo ètè kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn, nítorí pé inú ẹnu àti ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ ìró ti ń jáde. Nínú èdè Yorùbá, ìṣòro yìí tún lé kún un. Bí ènìyàn bá pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bákan náà ni ètè rẹ̀ yóò ṣe rí, nítorí pé ohùn ni ó ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀, ohùn kò sì hàn ní ètè. Adití tí ó ń wo ẹnu Yorùbá ní láti fi àrọ́bá ìyókù ọ̀rọ̀ mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni à ń sọ tàbí ọkọ́ tí à ń fi ro oko.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Gáná

Ní ọdún 1956, Foster dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Detroit tí ó pè ní Christian Mission for Deaf Africans. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti mú ẹ̀kọ́ ìwé àti ìhìnrere tọ àwọn adití lọ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1957, ó gúnlẹ̀ sí Accra, ní ọdún náà gan-an tí Gáná gba òmìnira. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ adití kankan ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ adití wà, ìdáhùn tí àwọn kan fún un ni pé kò sí adití níbẹ̀. Àwọn adití wà. Inú ilé àti oko àwọn òbí wọn ni wọ́n wà, níbi tí àlejò kò ti lè rí wọn.

Foster yá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Presbyterian kan ní Accra, ó sì ń lò ó nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ni ín bá ti lọ sílé. Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ máa ń kọ́, àwọn àgbà a sì wá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí iye àwọn tí ń wá pọ̀ jù, ó kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Mampong-Akuapem ní ọdún 1959, níbi tí àwọn ọmọ ti lè máa gbé. Ìjọba Gáná gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà sí ọwọ́ lẹ́yìn náà. Seth Tetteh-Ocloo, adití ọmọ Gáná, wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Òun náà padà gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹ̀kọ́ adití ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní ọdún 1960 ni Foster mú iṣẹ́ rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kaduna, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà pín sí nígbà náà ni ó kàn. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kan adití ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, èyí tí ó di Wesley School for the Deaf ní Surulere. Ohun tí ó ya iṣẹ́ Foster sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà ń kọ́ni àti irú ẹni tí ó ń fi ṣe olùkọ́.

Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ ni èdè àmì Amẹ́ríkà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Ó máa ń fi ìka ọwọ́ ya lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì so àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ sójú pátákó, kí ọmọ lè kọ́ àmì àti ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti olùkọ́, ó gbà pé adití gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́ adití. Ó ń yan àwọn tí ó mọ̀wé díẹ̀ nínú àwọn adití tí ó bá pàdé, pàápàá àwọn tí etí wọn di lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ olùkọ́.

Èyí ní ipa méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí owó púpọ̀ àti láìdúró de olùkọ́ láti òkè òkun. Ìkejì ni ohun tí ó ṣe sí ọkàn àwọn òbí. Òbí tí ó gbà pé ọmọ òun kò wúlò fún nǹkan kan a máa dé ilé-ẹ̀kọ́, a sì rí adití tí ó wọ aṣọ olùkọ́, tí ó di ṣọ́ọ̀kì mú, tí àwọn tí ń gbọ́ràn sì ń pè ní ọ̀gá. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́.

Láàrin àwọn ọdún 1970 sí 1980, Ìbàdàn di ibi tí Foster ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn adití láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé a máa wá síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́, wọn a sì padà sílé lọ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kọ́ni ní èyí tí Foster ti ṣí. Báyìí ni èdè àmì Amẹ́ríkà ṣe gba Ìbàdàn kọjá dé àwọn ìlú tí ń kọ Faransé. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ó gba ọ̀rọ̀ àti àṣà ibẹ̀ mọ́ra títí tí ó fi yàtọ̀ sí èyí tí a ń lò ní Amẹ́ríkà.

Láàrin àwọn ọdún 1970 kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà kan tí ó pa èdè àmì, ọ̀rọ̀ ẹnu, wíwo ètè àti ìwé kíkọ pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977 fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ adití, afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ṣe di iṣẹ́ ìjọba.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Yàtọ̀ sí Gáná àti Nàìjíríà, iṣẹ́ Foster dé Côte d'Ivoire, Tógò, Benin, Burkina Faso, Senegal, Chad, Kamẹrúùnù, Gabon, Burundi, orílẹ̀-èdè Àárín Áfíríkà, àti Zaire tí a ń pè ní Congo lónìí. Ó máa ń lo oṣù díẹ̀ ní Áfíríkà lọ́dọọdún, yóò sì padà sí Amẹ́ríkà láti máa lọ láti ìjọ dé ìjọ kí ó lè rí owó kó jọ. Kò fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá sí ibì kan fún ìgbà pípẹ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ti dúró, a fi í lé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́, a sì kọjá sí ibòmíràn.

Ìgbéyàwó àti ẹbí rẹ̀

Ní ọdún 1959, ní ìpàdé kẹta àgbáyé àwọn adití tí ó wáyé ní Wiesbaden ní Jámánì, Foster pàdé Berta Zuther, obìnrin adití ọmọ Jámánì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1961. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin kan. Berta bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, ẹbí náà fi ìpínlẹ̀ Michigan ṣe ibùgbé, baba sì ń lọ, ó ń bọ̀.

Ikú rẹ̀

Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 1987, Foster wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Rwanda. Ọkọ̀ náà já ní agbègbè Gisenyi, gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọmọ ọdún 62 ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gallaudet ti ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa nítorí pé àwọn aláṣẹ tún ti yan ẹni tí ń gbọ́ràn ṣe ààrẹ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, I. King Jordan di adití àkọ́kọ́ tí ó jẹ ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè fún ní Washington, pé kí adití ṣáájú adití, ni Foster ti ń ṣe ní Ìbàdàn àti Accra fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Èrò tí ó yàtọ̀ síra lórí iṣẹ́ rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó jiyàn pé Foster ṣí ọ̀nà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kì bá má mọ ìwé. Síbẹ̀, èrò àwọn onímọ̀ àti ti àwọn adití fúnra wọn kò ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo tí ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ jẹ mọ́ èdè. Kí Foster tó dé, àwọn adití kan ní Áfíríkà ti ní èdè àmì tiwọn. Ní abúlé Adamorobe ní Gáná, níbi tí dídi etí ti ń tọ ìran wá, àwọn adití àti àwọn tí ń gbọ́ràn jọ ń lo èdè àmì kan tí ó ti pẹ́ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Hausa náà, èdè àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní Maganar Hannu. Nígbà tí àwọn ọmọ adití Adamorobe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Mampong-Akuapem, èdè àmì tí ó wá láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó bọ̀ wálé, èdè abúlé sì ń pẹ̀yìn dà. Àwọn tí ń fi ẹ̀sùn yìí kan iṣẹ́ Foster sọ pé, ní Adamorobe, àwọn tí ń gbọ́ràn ti kọ́ èdè adití láìsí ẹni tí ó fi ipá mú wọn, àti pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó parẹ́.

Ẹ̀sùn kejì kan ilé. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé tí ó bá èdè àmì náà wá. Ọmọ adití tí a bí sí ilé Yorùbá lè jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí ìyá rẹ̀ má sì lè ka ohun tí ó kọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá tún jẹ́ èyí tí ọmọ ń gbé, ọ̀pọ̀ ìgbà ewé rẹ̀ ni yóò lò lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, yóò sì di àlejò láàrin àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà ìsinmi. Nítorí èyí, àwọn kan fẹ́ kí ọmọ adití máa kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn nítòsí ilé, kí ògbufọ̀ sì wà nínú kíláàsì. Àwọn mìíràn dáhùn pé ní ibi tí kò sí ògbufọ̀, ọmọ adití kan láàrin ọmọ ogójì yóò kàn jókòó ni, yóò sì máa wo ẹnu.

Àwọn tí ń gbe Foster lẹ́yìn ní ó yẹ kí a wo ohun tí ó bá nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mú wá bá a kò ní èdè kankan rárá yàtọ̀ sí àmì mélòó kan tí a fi ń bèèrè oúnjẹ tàbí omi nínú ilé. Kò sí ìwé nínú èdè àmì ìbílẹ̀ kankan, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé èdè kan tí ó tàn ká ni ó jẹ́ kí adití láti Èkó lè bá adití láti Accra sọ̀rọ̀, tí àwọn adití fi lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ó kọjá ìlú kan. Láti ìgbà náà, àwọn adití Nàìjíríà ti dá ọ̀pọ̀ àmì tiwọn fún oúnjẹ, ìlú àti àṣà wọn, èdè náà sì ti di èdè àmì Nàìjíríà.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Gallaudet, tí ó kọ̀ ọ́ nígbà èwe rẹ̀, fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1970. Ní ọdún 2004, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Foster fi iṣẹ́ sọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2011. Òfin àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ di òfin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí àwọn ilé àti ohun ìrìnnà gbogbogbòò lè di èyí tí wọ́n lè lò.

Bí àríyànjiyàn àtijọ́ náà ṣe kan ìgbésí ayé ojoojúmọ́ hàn ní ibi bíi Bọ́ládé ní Òṣòdì, ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ èrò àti ọjà ti pàdé. Etí ni a fi ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ni ó ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Adití tí ó mọ̀wé lè kọ ibi tí ó ń lọ sórí ìwé tàbí fóònù, kí ó sì fi hàn án. Adití tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ kò ní ohun tí yóò fi hàn. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá dé, tí a ti kọ ibi tí ó ń lọ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà, adití tí ó mọ̀wé kò ní í nílò láti bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Apá kan nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn kí adití mọ̀wé, ni Foster fi ayé rẹ̀ ṣe. Apá kejì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbọ́ràn.